Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti di bàìbàì: ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìrírí yín

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọkọ̀ tí mò ń lò ni Toyota Camry tí gbogbo wa mọ̀ sí Big Daddy. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é, láti ìgbà tí mo sì ti rà á ni ojú iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣá, tó ti funfun lókè, tí gúlóòbù sì ń tàn bàìbàì lábẹ́ rẹ̀. N kò mú ọ̀rọ̀ náà ní kékeré. Ẹni tó bá ń ti Ṣàgámù bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní òwúrọ̀ ọyẹ́, lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Ọ̀rẹ àti Benin, mọ̀ pé kùrukùru máa ń bo ọ̀nà débi pé iná ẹ̀yìn yẹn nìkan ni awakọ̀ tírélà fi lè mọ̀ pé ọkọ̀ wà níwájú òun. Bí iná náà kò bá là, yóò ti sún mọ́ wa jù kí ó tó tẹ bíréèkì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ kí ó tó lọ ra sáńpépà ni pé kì í ṣe ibì kan náà ni bàìbàì iná ẹ̀yìn ti ń wá. Ó lè wà lójú ike láti ìta, ó lè wà nínú, ó sì lè jẹ́ pé gúlóòbù gan-an ló ti lò tán. Bí a bá ń ha ìta nígbà tó jẹ́ pé inú ló dọ̀tí, ṣe ni a kàn ń jẹ ike náà run lásán. Bí mo ṣe mọ ibi tí tèmi wà nìyí: mo fi omi àti ọṣẹ fọ iná náà dáadáa, mo nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà mo tún bu omi mímọ́ lé e lórí. Bí omi ṣe bò ó ni pupa rẹ̀ là, tí mo sì rí àwọn ọnà inú rẹ̀ kedere. Bí omi sì ṣe ń gbẹ ni funfun náà ń padà bọ̀. Ìyẹn fi hàn pé ìlà wẹ́wẹ́ ló wà lójú ike láti ìta, tí omi ń dí fún ìgbà díẹ̀. Bí ojú iná kò bá yí padà lábẹ́ omi, inú ni kí a wò.

Mo fi téèpù bo ara ọkọ̀ yípo iná náà, nítorí pé sáńpépà tó bá fara kan ọ̀dà yóò mú un kúrò. Sáńpépà tí a ń rẹ sínú omi ni mo lò. Mo fi nọ́ńbà 1000 bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sí 2000, mo sì fi 3000 parí rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i. Mo po ọṣẹ díẹ̀ sínú omi náà, n kò sì jẹ́ kí ojú ike gbẹ rárá, torí pé lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ lára rẹ̀ yóò tún máa ha á. Nígbà tí mò ń lo 1000, láti ọ̀tún sí òsì ni mò ń fà á. Nígbà tí mo dé 2000, mo yí ọwọ́ padà sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí n lè rí i dájú pé ìlà ti àkọ́kọ́ ti pòórá kí n tó tẹ̀ síwájú. Omi tó ń ṣàn sórí bọ́ńpà kọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi osùn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú iná yóò funfun lẹ́yìn 1000. Kí ẹ̀rù má ṣe ba ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi aṣọ rírọ̀ àti kọ́ńpáùn tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò yí i títí ó fi ń dán, mo sì fi pólíṣì pa á. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ, kí ó má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan, nítorí ooru rẹ̀ lè yọ́ ike. Apá kan wà tí mo dúró lé lórí ju ibi yòókù lọ, ìyẹn ibi tó ní igun wẹ́wẹ́ nínú, tí ń dá iná ọkọ̀ ẹlòmíràn padà nígbà tí ọkọ̀ tiwa bá dúró lálẹ́ láìtan iná. Bí ìlà bá ṣẹ́ kù lójú ibẹ̀, kò ní lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa mọ́.

Láti Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Inú ni tèmi wà. Golf ni ọkọ̀ mi, òjò tó bá rọ̀ máa ń dúró sínú iná ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, bó bá sì gbẹ, eruku tó bá a wọlé á lẹ̀ mọ́ ike. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀tún. Ẹnì kan tí mo gbé ọkọ̀ náà fún fi tínà, èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nù ún, ó ní yóò mọ́ kíákíá. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí sísán wẹ́wẹ́ fi gba gbogbo ike náà kan. Acrylic ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ojú iná ẹ̀yìn; oòrùn kì í tètè bà á jẹ́ bíi ti iná iwájú, ṣùgbọ́n tínà àti bẹntiróòlù máa ń mú kí ó sán. Irú sísán bẹ́ẹ̀ kò ṣe é ha kúrò. Tòkúnbọ̀ ni mo rà fún apá ọ̀tún.

Apá òsì ni mo tú fúnra mi. Mo ṣí ìbòrí inú búùtù, mo yọ wáyà, mo tú nọ́ọ̀tì, iná náà sì jáde. Rọ́bà tó wà láàárín rẹ̀ àti irin ara ọkọ̀ ti gan, ó ń já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Mo da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ gba ihò gúlóòbù, mo mì í, mo dà á nù, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí omi tó ń jáde fi mọ́. N kò ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, nítorí fàdákà tó wà lẹ́yìn gúlóòbù, èyí tí ń ti ìmọ́lẹ̀ síta, fẹ́lẹ́ púpọ̀, bí a bá nù ún, yóò ṣí kúrò. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni mo gbé e sí títí ó fi gbẹ pátápátá, mo sì fi rọ́bà tuntun sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sílíkónì dí gbogbo ara rẹ̀ pa. Ihò kékeré máa ń wà lábẹ́ iná tí ọ̀rinrin ń gbà jáde. Bí a bá dí i, omi á há sínú.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ tí a fi ń kó pákó ni tèmi, ẹ sì mọ eruku pupa ọ̀nà wa. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá tẹ bíréèkì lọ́sàn-án, ẹni tó wà lẹ́yìn mi kì í rí i. Kí n tó fọwọ́ kan ike rárá, bàbá rẹwáyà tó wà nítòsí wa yọ gúlóòbù wò. Irú èyí tó ní wáyà méjì nínú ni, 5 wọ́ọ̀tì fún iná alẹ́, 21 wọ́ọ̀tì fún bíréèkì. Ìṣó wẹ́wẹ́ méjì tó wà ní ìdí rẹ̀ kò dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa ki í sódì. Ẹni tó fi í síbẹ̀ kẹ́yìn ti fipá ki í, tó fi jẹ́ pé èyí tó kéré ni ń tàn fún bíréèkì. Ó yí i padà, ó ha ìpẹtà inú ilé gúlóòbù, iná náà sì là. Ìbéèrè mi ni pé, ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde, ṣé ẹ fi kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, bo tiyín lẹ́yìn pólíṣì?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Rárá o, màmá wa. Tínà tí wọ́n fi ń po kílíà lásán lè ṣe ike náà bí wọ́n ṣe ṣàlàyé láti Ṣàgámù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó ra èyí tí wọ́n ṣe fún iná ọkọ̀, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń dènà oòrùn. Pólíṣì ni èmi ń pa lé e nígbàkúgbà tí mo bá fọ ọkọ̀. Mo sì ń bẹ àwọn àbúrò wa tí ń fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo iná ẹ̀yìn nítorí ẹwà, pàápàá bí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́, pé kí wọ́n ṣí i kúrò; Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lè dá ọkọ̀ dúró lórí iná tí kò dára, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lálẹ́ kò sì ní rí wọn. Màmá, kí ẹnì kan dúró jìnnà díẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ yín nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ máa tẹ bíréèkì, kí ẹ sì máa fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ láìṣì í sọ, kò sí ìdí láti fi sáńpépà kan ike yẹn.