Fóltéèjì northbridge lórí P35: ibo ni kí n ti dúró?

Quad_Mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. CPU Q6600 ni mo ń lò lórí bọ́ọ̀dù tí chipset ẹ̀ jẹ́ P35 (northbridge ni chip ibẹ̀ tó so CPU mọ́ RAM), RAM DDR2 mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, 2GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé FSB (ìyára ọ̀nà tó so CPU mọ́ northbridge) kúrò ní 266MHz lọ sí 400, mo fi multiplier (iye tí a fi ń sọ FSB di ìyára CPU) sílẹ̀ sí 9, ó wá fún mi ní 3.6GHz. CPU ò janpata rárá. Small FFTs ti Prime95, ètò tí a fi ń dán kọ̀ǹpútà wò, sáré mọ́jú lórí ẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yí i sí Blend, ìdánwò ẹ̀ míì, báyìí, kì í pẹ́ tí worker kan (ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó ń sáré níbẹ̀) á fi dákẹ́. Ìgbà míì, kọ̀ǹpútà náà á kàn pa, á tún ara ẹ̀ tàn ni.

Auto ni fóltéèjì northbridge wà nínú BIOS (ibi tí a ti ń to bọ́ọ̀dù), bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló ń yàn án. Àwọn kan ní kí n gbé e sí 1.45V, ẹnìkan tiẹ̀ búra pé 1.6V ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé HWMonitor, ètò tó ń ka ooru, ń gbé 127°C síwájú AUXTIN, ọ̀kan nínú orúkọ sensor tó ń fi hàn. Ṣé northbridge ló gbóná tó báun? Fóltéèjì wo ni kò ní bà á jẹ́, ooru wo ni kò sì gbọdọ̀ kọjá?

Àgbà775

Àbúrò, gbàgbé 127 yẹn. Ẹnu sensor tí wọn ò so nǹkan kan mọ́ ni. 127 ni nọ́ńbà tó ga jù tí byte kan tó ní àmì ródì àti òdì lè gbà, ibẹ̀ ló máa ń sá lọ tí kò bá rí ohun tó máa wọ̀n. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ayé ìgbà yẹn ò tiẹ̀ ní sensor kankan fún northbridge.

Ìwọ fúnra ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè ẹ. Small FFTs kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń jókòó sínú cache (ìrántí kékeré inú CPU), kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Blend ló ń lọ ń bọ̀ nínú RAM, lórí LGA775 (irú ihò tí CPU ẹ ń wọ̀) sì rèé, inú northbridge ni memory controller, ohun tó ń darí RAM, ń gbé. Gbogbo ohun tí CPU bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ RAM, àárín northbridge ló máa gbà kọjá. Nítorí náà má fọwọ́ kan Vcore, fóltéèjì CPU. RAM mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ló ń di ẹrù lé e lórí.

Kí o tó fi fóltéèjì kankan kún un, yọ RAM méjì kúrò, kí o tún Blend sá. Tó bá lọ geere, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Wò ó pé 1:1 pẹ̀lú FSB ni RAM ẹ wà, kó lè jẹ́ DDR2-800. Ka ara RAM náà pẹ̀lú: 1.8V ni ti DDR2 lásán, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n kọ 2.0V tàbí 2.1V sí lára, Auto kì í sábà fún wọn tó bẹ́ẹ̀. Kí o sì ti PCIe (ọ̀nà tí àwọn káàdì fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀) pa sí 100MHz. Bí èyí bá ń bá FSB gòkè, hard disk ẹ ló máa kọ́kọ́ jẹ ìyà ẹ̀, fáìlì á máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóltéèjì wá dé. Ìdí tí nọ́ńbà tí wọ́n ń sọ fún ẹ fi ń takora ni pé chipset kan kọ́ ni gbogbo wọn ń lò. 1.25V ni P35 fi ń jí, 90nm ni wọ́n fi ṣe é. 65nm ni P45, 1.10V sì ni tiẹ̀. Lórí P35, 1.45V jẹ́ 0.20V lé. Lórí P45, 0.35V ni, ìyẹn ti di wèrè. Ẹni tó bá sọ nọ́ńbà láìdárúkọ chipset, má gbọ́ tiẹ̀.

Èmi, lórí P35, 1.30V ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú, lẹ́yìn náà 1.35V. Níbi 1.40V ni mo ti ń dúró fún kọ̀ǹpútà tí mo ń lò lójoojúmọ́, fáànù gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀. Lórí P45, mi ò ní kọjá 1.30V. Ẹni tó búra lórí 1.6V yẹn, kó lọ fi sórí bọ́ọ̀dù tiẹ̀.

Ṣírò ẹ̀ wò. Iná tí chip ń jẹ máa ń bá fóltéèjì lọ ní ìlọ́po ara ẹ̀, ó sì tún ń bá iye MHz lọ. Láti 1.25V dé 1.45V, ó ti fi bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún kún. 333 ni FSB tí wọ́n ṣe P35 fún, ìwọ wà ní 400. Pa méjèèjì pọ̀, ó ti lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún, orí irin kékeré tí fáànù ò fẹ́ sí ni gbogbo ẹ̀ sì wà.

Má fi í sílẹ̀ lórí Auto o. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, bí FSB bá ti ń gòkè, Auto á ti máa gbé northbridge sókè láìsọ fún ẹ. Ó ṣeé ṣe kí o ti wà ní 1.40V báyìí. Irú cooler wo lo ń lò?

Quad_Mi

Tower ni, ọ̀gá. Èyí tó ga, tí fáànù ẹ̀ ń fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àgbà775

Mo fura. Cooler tó bá CPU wá nínú páálí máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, northbridge àti VRM (àwọn ohun tó ń pèsè iná fún CPU) máa ń rí tiwọn jẹ níbẹ̀. Tower ò fún wọn ní nǹkan kan. Tí heatpipe (ọ̀pá tó ń gbé ooru) bá so northbridge pọ̀ mọ́ VRM lórí bọ́ọ̀dù ẹ, ooru VRM náà ń wá bá a nílé nìyẹn.

Fi fáànù 40mm sórí ẹ̀, tàbí 80mm kan tó kọjú sí i. Tí o bá ní ìbọn infrared, má yìn ín sí irin tó ń dán, irọ́ ló máa pa fún ẹ, á ní ó tutù. Lẹ téèpù dúdú tí kò dán mọ́ ìdí heatsink, téèpù yẹn ni kí o wọ̀n. Mo fẹ́ kó wà lábẹ́ 55°C nígbà tí Blend bá ń sá, torí chip tó wà lábẹ́ ẹ̀ gbóná ju irin lọ. Tí o ò bá ní ìbọn, tí ìka ẹ ò bá lè dúró lórí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ó ti pọ̀ jù.

Wo abẹ́ heatsink náà tí bọ́ọ̀dù bá ti pẹ́. Pad ibẹ̀ á ti gbẹ, á máa já wẹ́wẹ́. Nu ún, fi paste díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n rọra o: chip yẹn ò ní ìdérí, tí o bá tẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, igun ẹ̀ á fọ́.

Orí_AM4

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. X570, chipset AMD, ni tèmi, chipset ẹ̀ ń ka 64°C. Ṣé kí n dín fóltéèjì ẹ̀ kù ni?

Síbà_Iná

Má fọwọ́ kàn án. AMD ti gbé memory controller sínú CPU láti ìgbà Athlon 64 ní 2003, Intel ṣe bẹ́ẹ̀ fún Core i7 ní 2008. Chipset tìẹ ò mọ nǹkan kan nípa RAM, multiplier CPU ẹ ò sì kàn án. PCIe 4.0 ló ń mú X570 gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fáànù kékeré sórí ọ̀pọ̀ wọn. 64 ò burú. Fóltéèjì SoC (apá CPU tí memory controller wà) ni kí o máa ṣọ́. Lórí AM5, ihò CPU AMD tó tẹ̀ lé AM4, lẹ́yìn tí àwọn Ryzen 7000 X3D kan jóná ní 2023, AMD fi òpin sí i ní 1.3V.

Quad_Mi

Ọ̀gá 775, ẹ ṣé gan-an. Auto ti gbé e sí 1.41V lóòótọ́! RAM méjì ń lọ ní 1.25V. Mẹ́rin ń fẹ́ 1.35V kó tó kọjá Blend. Ó wà ní 61°C láìsí fáànù, fáànù 80mm gbé e wá sí 46°C.

Àgbà775

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí BIOS ẹ bá ní FSB strap (ìtò tó ń yan àkókò inú northbridge), yí i kúrò ní 266 sí 333. tRD (àkókò tí northbridge ń dúró kó tó ka RAM) á tú díẹ̀, northbridge á mí, ó sì lè gba 1.30V pẹ̀lú RAM mẹ́rin. Fi memtest86, ètò tó ń dán RAM wò, sá a mọ́jú kí o tó gbé fáìlì gidi sórí ẹ̀.