«Àbùdá» kò gbé e: ìhun tuntun yàtọ̀ sí irinṣẹ́ tuntun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe gbogbo ohun tuntun tó bá wọ inú èdè kọ̀ǹpútà ní «àbùdá», kí á pe gbígbà á wọlé ní «ìgbàtọ́», kí á sì pe èyí tí wọ́n fẹ́ mú kúrò ní «ìkọ̀sílẹ̀», kí àwọn tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún láíbìrì (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò mìíràn ń lò) lè rí nǹkan dì mú. Ìgbàtọ́ dùn mọ́ mi. Àwọn méjì yòókù ni n kò lè fọwọ́ sí.

Ohun tí wọ́n bù mọ́ni nígbà tí wọ́n ń dáni ni àbùdá. Ọdún 1998 ni òṣùwọ̀n àgbáyé àkọ́kọ́ fún èdè kọ̀ǹpútà C++ jáde. Lambda, ìyẹn iṣẹ́ kékeré tí a ń kọ sínú kóòdù láìsọ ọ́ lórúkọ, kò sì wọ inú rẹ̀ títí di 2011. Ohun tó dé lẹ́yìn ọdún 13, ṣé àbùdá nìyẹn? Mo lè gbójú fo ìyẹn ṣá, nítorí ọ̀rọ̀ a máa fẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti dá a lọ. Ohun tó ká mi lára ni pé «àbùdá» ń da nǹkan méjì pọ̀, ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux kò sì lè dà wọ́n pọ̀ kó má jẹ̀ ẹ́ níyà.

Ẹ mú C++17, òṣùwọ̀n ti ọdún 2017. Ó gbé structured bindings wá, èyí tí a fi ń tú àkójọ kan sí orúkọ méjì tàbí mẹ́ta lórí ìlà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ fún ẹ̀rọ, nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Bó bá ti gbọ́ ọ yé, ó sọ ọ́ di kóòdù ẹ̀rọ, ó tán. Kọ̀ǹpútà ẹni tí yóò lo ètò náà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. C++17 yìí kan náà ló gbé std::filesystem wá, èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì àti fódà. Ìyẹn ní kóòdù tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wà níbìkan kí ètò tó lè ṣiṣẹ́. Lórí macOS, inú láíbìrì tó bá ẹ̀rọ wá ló wà, kò sì sí níbẹ̀ títí di ẹ̀dà 10.15 ní 2019. O lè gbé kọ̀ǹpáílà tó tuntun jù lọ sílẹ̀. Bí o bá ti sọ pé kí ètò rẹ ṣiṣẹ́ lórí 10.14, Clang, kọ̀ǹpáílà tí wọ́n ń lò lórí macOS, yóò dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà. GCC 8, kọ̀ǹpáílà mìíràn, ní tirẹ̀ ní kí o fi -lstdc++fs kún àṣẹ ìsopọ̀ (èyí tó ń so ètò mọ́ láíbìrì), àfi ìgbà tí GCC 9 dé ni ìyẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, mo dábàá «ìhun» fún ti àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ èdè wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìhun gbólóhùn tipẹ́, ohun kan náà ló sì jẹ́ níbí. Ìkejì, kí á pè é ní «irinṣẹ́». Ẹnìkan á ní irinṣẹ́ ni kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ mú «ohun èlò» bó bá wù yín. Kí orúkọ ṣáà jẹ́ méjì.

Mo ní ìgbàtọ́ dùn mọ́ mi: ẹni tó gba ọmọ tọ́ kì í dá a padà lọ́la. Ṣùgbọ́n kí á fi mọ sórí ohun tó bá hàn nínú fáìlì header, èyí tí àwọn tó ń lo láíbìrì ń fà wọ inú kóòdù tiwọn. Headers láíbìrì Qt 6, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2020, ń béèrè C++17, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ètò lé e lórí gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹpáílà tirẹ̀ dé ibẹ̀. Ìhun tó fara pamọ́ sínú fáìlì .cpp kò di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru aládùúgbò. Èmi á pe ìyẹn ní «ìlò abẹ́lé».

«Ìkọ̀sílẹ̀» ńkọ́? Ohun tí a bá ti kọ̀ sílẹ̀, a ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n kìlọ̀ pé auto_ptr, irinṣẹ́ C++ àtijọ́ kan fún ìtọ́jú ìrántí kọ̀ǹpútà, ń lọ, 2017 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú òṣùwọ̀n. Láàárín ọdún 6 yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpáílà kàn ń kùn ni. Ó ti dágbére, kò tíì jáde. «Adágbére» ni mo mú wá.

«Pẹpẹ» fún Windows àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, kí á má ṣe pe òṣùwọ̀n tuntun ní «ìgbàlódé». Orí C89, òṣùwọ̀n èdè C ti 1989, ni curl, ètò tó ń gbé dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣì wà, ó sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí pẹpẹ tí kò dé. Tuntun ni tuntun ń jẹ́.

Ẹ wá fi ìkéde kan dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò: «Láti ẹ̀dà yìí lọ, a ti gba àwọn ìhun C++17 tọ́. A kò ní lo irinṣẹ́ C++17 kankan tí kò sí lórí macOS 10.14.» Bí a bá fi «àbùdá» rọ́pò ìhun àti irinṣẹ́ níbẹ̀, gbólóhùn kejì á máa pe èkíní ní onírọ́.