Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọkọ mi ò fẹnu kan oúnjẹ mi

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ò jẹ oúnjẹ tí mo sè. Mo ro àmàlà, mo se gbẹ̀gìrì, mo ra ṣàkì pẹ̀lú bó ṣe wọ́n tó, ó ní inú òun kún. Kò pé wákàtí kan, mo bá a nídìí ẹlẹ́wà ìkóríta, ó ń ki búrẹ́dì bọ ẹ̀wà bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ojú tì mí. Ẹlẹ́wà yẹn wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo lé e jáde nílé.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Òǹkọ̀wé ni mí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ, ní Yorùbá, tòun tàmì ohùn. Ọ̀sán, mo wà ní kíláàsì. Òru ni mo máa ń kọ ọ́, lórí kọ̀ǹpútà tí ìlà dúdú kan ti la ojú rẹ̀ já, ibi tó bá sì dùn jù ni wọ́n ti máa ń mú iná lọ.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ sí Ṣómólú lọ tẹ̀wé. Mo wọkọ̀ ní Ìwó Road lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo sọ̀ ní Ọjọ́ta, mo rò pé n ó padà lọ́jọ́ kejì. Àìkú ni mo tó délé! Atẹ̀wé yẹn ló fà á. Ó gbé iṣẹ́ mi sínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó lámì di àpótí kéékèèké. Ó ní, "Mà, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n." Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀! Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi gún ẹni tó kọ́kọ́ kú nínú ìwé mi. Ṣé ọkọ̀ èrò ni wọ́n á ní wọ́n fi gún un ni?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni mo lè sè tí á fi jẹun? Ṣé kí n fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀?

Alhaja Aláṣọ Òkè: Ọkùnrin tí ò bá jẹun nílé, ó níbi tó ti ń jẹun. Yẹ fóònù rẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì: Alhaja, mo ti sọ ibi tó ti ń jẹun. Ìdí ẹlẹ́wà ni.

Ọmọ Ṣómólú: Atẹ̀wé lèmi náà, ẹ má pa gbogbo wa pọ̀. Bó bá jẹ́ Word lẹ gbé wá, tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ò sì ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, àpótí lẹ máa rí. PDF ni kí ẹ gbé wá, kí lẹ́tà yín wà nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó plate, ìyẹn páànù tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé kan fún yín, kẹ́ ẹ kà á sókè. Ẹ̀dà mélòó ni?

Ìyá Ìbejì: 500. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo bá wá o.

Bàbá Àdùkẹ́: Èmi ò tíì kúrò níbi Ọjọ́bọ̀ sí Àìkú. Abilékọ sùn síta lọ́jọ́ mẹ́ta nítorí ìwé. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ìrìn àjò ló pa Fágúnwà, nítòsí Bídà, ní 1963.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú: Bàbá Àdùkẹ́, èwo ni Bídà nínú èyí? Ẹ̀yin tí ẹ ka *Àjà Ló Lẹrù* tí Òkédìjí gbé jáde ní 1969, ṣé inú yàrá ni Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, jókòó sí? Ẹni tí ò bá rìn, kí ló fẹ́ kọ? Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni, ẹ ò ní béèrè ibi tó sùn.

Bàbá Àdùkẹ́: Lápàdé kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Tóún: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀? Èèyàn kì í déédéé kọ gbẹ̀gìrì.

Ìyá Ìbejì: Kò sí nǹkan kan. Ó ń wá ṣéńjì nínú báàgì mi, ó wá rí jọ́tà mi. Nǹkan iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìtàn ìpànìyàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe pààyàn.

Nọ́ọ̀sì Tóún: Kí lẹ kọ síbẹ̀ gan-an?

Alhaja Aláṣọ Òkè: Ó ti dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Mi ò dákẹ́, mò ń wẹ ọmọ ni. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ọjọ́ Àìkú. Inú gbẹ̀gìrì ni. Ata púpọ̀, kó má fura. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin, Káyọ̀dé á ní inú ń run òun. Ta ló máa jogún ilé?"

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú: Ta ni Káyọ̀dé?

Ìyá Ìbejì: Orúkọ tó wọ́pọ̀ ni. Ọkọ mi náà ń jẹ́ Káyọ̀dé, àmọ́ ti inú ìwé ga jù ú lọ.

Alhaja Aláṣọ Òkè: Yéè! Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Kó máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ìyá Sùnkànmí Télọ̀: Ẹ má jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Fúnmi: gé ọrùn rẹ̀, kó jìn dáadáa." Ìyá ọkọ Fúnmi ló rí i. Wọ́n kó wòlíì wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Bùbá lèmi ń sọ o!

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú: Ẹ fún un ní ìwé náà kó kà á, kó rí i pé ìtàn ni.

Ọmọ Ṣómólú: Ohun témi náà fẹ́ sọ nìyẹn. Kó kà á.

Nọ́ọ̀sì Tóún: Ohun tí ò yé mi ni pé ọkọ òǹkọ̀wé ò lè rí irú jọ́tà báyìí kó sá. Ṣé kò mọ̀ pé ẹ̀ ń kọ̀wé ni?

Ìyá Ìbejì: Kò mọ̀. Ọdún 4 ni mo ti ń kọ ọ́. Orúkọ ọkùnrin ni mo fi ń kọ ọ́. Mo sọ fún un pé nóòtì kíláàsì ni mò ń kọ lóru. Ti Ṣómólú, mo ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni. Kẹ́ ẹ tó bú mi: kí n tó fẹ́ ẹ, mo kọ ìtàn kan, mo gbé e fún un. Kò kà ju ojú ewé méjì lọ. Nígbà tí mo padà wá, ó ti fi bo ife omi.

Bàbá Àdùkẹ́: Ìyàwó ò sùn lóru, ó purọ́ ibi tó lọ, ó dé lọ́jọ́ kẹrin, ó wá gbé gbẹ̀gìrì síwájú ọkọ. Èmi gan-an, ẹ̀wà ni n ó jẹ.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú: Ẹ gbọ́ ti ife omi yẹn, Bàbá Àdùkẹ́.

Bàbá Àdùkẹ́: Mo gbọ́ ọ. Kò dáa. Ṣùgbọ́n kó pa orúkọ yẹn dà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé gbogbo rẹ̀ fún un lálẹ́ àná, mo sì jẹ́wọ́ Ṣómólú. Kò fọhùn. Ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á títí di aago méjì òru. Láàárọ̀ yìí ó ní irọ́ ni, àbúrò olóògbé ò lè ṣe irú ẹ̀, pé onílé ló yẹ kó pa á. Ó tún bi mí pé ṣé torí pé òun kúrú ni mo ṣe sọ Káyọ̀dé di gíga. Mo dáná yán-án-rin. Ó ní kí n kọ́kọ́ bù ú jẹ lójú òun.

Alhaja Aláṣọ Òkè: Ṣé o jẹ ẹ́?

Ìyá Ìbejì: Mo jẹ ẹ́. Ó ṣì lọ jẹ ẹ̀wà.