Ajagungbalẹ̀ ni, kì í ṣe Ajagungbálẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àbúrò wa tó túmọ̀ ìtàn ogun Hastings nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe William ti Normandy ní Faransé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "William the Conqueror", ní "Ọba Ajagungbálẹ̀"; òun lẹ ti ń jiyàn lé lórí láti àná. Ẹ wo àmì òkè tó gbé lé gba! Ìgbálẹ̀ la fi ń gbálẹ̀. Ọkùnrin tó kó ogun sọdá òkun, tí Harold, ọba Gẹ̀ẹ́sì, bá ogun rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 1066, ni àmì kan ṣoṣo sọ di ẹni tó ń gbá àgbàlá.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Bí a bá ṣi ohùn pè ní ìlà kìíní, a ò ní ka ìkejì. "Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù" ló máa ń fi dán wa wò. Ta ló kù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ báyìí?

Àmọ́ n ò sí lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n tó ní ká padà sí "Aṣẹ́gun". Èèyàn lè ṣẹ́gun, kó kó ìkógun, kó gbalé lọ. Harold fúnra rẹ̀ ṣẹ́gun àwọn ará Norway ní Stamford Bridge, ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré kó tó kú. William ò gbalé lọ ní tiẹ̀. Ó dé adé ní Westminster lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó gba ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì, ó pín in fún àwọn tó bá a wọkọ̀ wá. Nígbà tí wọ́n fi máa ka ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn sínú ìwé Domesday ní 1086, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn onílùú. "Gba" ló gbé gbogbo ìyẹn. Èdè Látìnì tí conquer ti wá gan-an, wíwá nǹkan kó jọ ló ń sọ.

Ẹ ní àwọn jàǹdùkú tó ń fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ ti ba ọ̀rọ̀ "ajagungbalẹ̀" jẹ́, débi tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣòfin lé wọn lórí ní 2016. Iṣẹ́ kan náà kọ́ ni? Kí ló dé tí ẹ fẹ́ wá orúkọ rere fún ti William?

Ẹni tó béèrè ohun tí ogun náà ṣe sí èdè wọn: darandaran Gẹ̀ẹ́sì ń pe màlúù ní ox, ọ̀gá tó ń jẹ ẹran rẹ̀ ń pè é ní beef, láti inú Faransé tí àwọn ará Normandy ń sọ. Tiwa, èyí tó wà lórí ìso ẹran ni, èyí tó wà nínú ọbẹ̀ náà ẹran ni. Ó di 1362 kí òfin tó ní kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù.

Ti "Wílíáàmù" tí ẹ ń fà, pé báyìí ni ká máa kọ William ní Yorùbá, n ò tíì gbà. Kí àbúrò kọ́kọ́ bá mi yọ àmì yẹn kúrò lórí gba.