Ta ló yẹ kó san bíìlì oyún kí ọmọ tó dé?

Olùbéèrè, Atlanta
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ sí i. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún, a ò tíì ṣègbéyàwó, ẹni tó ni ín kì í gbé fóònù mi mọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbé e ó ní kí n lọ bímọ ná, pé ọmọ tó bá ti dáyé nìkan lòfin mọ̀. Bíìlì scan ti ń wọlé, ìnṣọ́ránsì mi ò sì san púpọ̀ níbẹ̀. Mọ́mì mi n'Íbàdàn ní kí n ṣe sùúrù, pé ìdílé méjèèjì máa jókòó sọ ọ́. Ṣé òótọ́ lohun tó sọ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n kan, Decatur
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ lágbára Ọlọ́run.

Irọ́ ló pa fún ẹ. Òfin Georgia wa níbí tí wọ́n ń pè ní HB 481, tí Gómìnà Kemp buwọ́ lù ní 2019, tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2022, ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n, wọn ò kà á kọjá ibẹ̀, àmọ́ ó sọ̀rọ̀ child support náà, ìyẹn owó ìtọ́jú ọmọ tí bàbá ń san. Ọmọ inú tí wọ́n bá ti lè gbọ́ bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù ti wọ inú òfin. Kì í ṣe owó oṣooṣù bíi ti ọmọ tó ti dáyé o. Adájọ́ ò lè bù ju iye tí ìtọ́jú ẹ àti ìnáwó oyún náà jẹ́ gan-an lọ. Ọmọ bá dé tán, ìṣirò tòótọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Torí náà ìwé ló máa gbà ẹ́, mi ò lè sọ ọ́ tó. Ilé ìwòsàn á fi bíìlì ránṣẹ́, ìnṣọ́ránsì náà á fi ìwé tiwọn tí wọ́n ń pè ní EOB ránṣẹ́, ibẹ̀ ni wàá ti rí iye tí dókítà béèrè, iye tí ìnṣọ́ránsì san, àtiye tó kù sí ẹ lọ́rùn. Èyí tó kù sí ẹ lọ́rùn yẹn ni ẹjọ́ dá lé. So bíìlì mọ́ EOB ẹ̀, kí déètì wọn bára mu, kó o fi rìsíìtì tó o fi san án kún un, co-pay (owó tó o ń san látàpò ara ẹ lọ́dọ̀ dókítà) o, owó oògùn o, má ju ìkankan nù. Gbogbo WhatsApp tó ti gbà pé òun ló loyún, ya àwòrán ẹ̀ kí nọ́mbà ẹ̀ àti déètì hàn kedere, torí ìwé kóòtù bá dé ọwọ́ ẹ̀ tán, ó lè ní òun kọ́. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò DNA kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ apá ẹ ṣe láìfọwọ́ kan ọmọ. Bi lọ́yà léèrè èyí tí kóòtù máa gbà kó o tó náwó sí i.

Ní ti mọ́mì, kí ìdílé jókòó, kò burú. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, kí ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ kó buwọ́ lù ú. Mo ti rí ọmọbìnrin tó pọ̀ tí wọ́n ní kó ní sùúrù títí gbèsè fi dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó, ó máa ń dùn mí wọra.

Tó o bá fẹ́ ṣe owó orí Georgia, o lè ka ọmọ inú yẹn mọ́ àwọn tó ò ń bọ́. Owó orí ìjọba àpapọ̀ (federal) ò gbà á.

Ará Houston
Texas yàtọ̀ sí tiyín. Kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni bàbá, ìgbà yẹn ladájọ́ lè ní kó gbé ìpín tó tọ́ nínú owó ìtọ́jú ṣáájú ìbí àti lẹ́yìn ìbí. Utah ni tiẹ̀ le, láti 2021 ìdajì owó ìnṣọ́ránsì nígbà oyún àti ìdajì owó ilé ìwòsàn títí dé ìgbẹ̀bí, bàbá ló ni ín. Tó bá ń jiyàn, ó di ìgbà tó bá hàn pé òun ni.

Ará São Paulo
Ní Brazil níbí, alimentos gravídicos ni wọ́n ń pe owó tí bàbá ń san nígbà oyún, òfin 11.804 ti 2008. Adájọ́ ò ní dúró de DNA, tó bá ti rí àmì tó tó pé òun ni bàbá, fọ́tò, mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ẹlẹ́rìí, á bù owó fún oúnjẹ tí dókítà ní kí aláboyún máa jẹ, àyẹ̀wò, oògùn, ìgbẹ̀bí. Ọjọ́ 5 ni ọkùnrin ní láti fèsì. Ọmọ bá dé láàyè, owó yẹn á di owó ìtọ́jú ọmọ láìtún pẹjọ́ tuntun. Ẹni tí ò lówó lọ́yà, kó lọ sí Defensoria Pública, àwọn lọ́yà ìjọba tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ará London
CMS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó ìtọ́jú ọmọ níbí, ò gbà á kí ọmọ tó dé. Ṣùgbọ́n ọmọ bá dé, ẹ má pẹ́, torí wọn kì í ṣírò ẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. £20 tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ìwé béèrè ti kúrò ní 2024. Ẹ̀yin tí fisa yín ní no recourse to public funds, ìyẹn pé ẹ ò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba, owó bàbá ọmọ kì í ṣe owó ìjọba, ẹ má bẹ̀rù.

Olùbéèrè, Atlanta
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ̀gbọ́n, mi ò lówó lọ́yà o.

Ẹ̀gbọ́n kan, Decatur
Pe àwọn lọ́yà Atlanta Legal Aid láàárọ̀ Monday, tí owó tó ń wọlé fún ẹ ò bá pọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kó bíìlì, EOB àti payslip ẹ dání. Wá sí inbox mi, màá bá ẹ to ìwé náà.