Lórí “fìlà” fún HAT àti “amúǹkantutù” fún heatsink

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀, pé kí á máa pe HAT, irú bọ́ọ̀dù àfikún kan tí a ń gbé lé orí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi, ní “fìlà”, kí heatsink, irin tó ń gba ooru lára ṣípù, sì máa jẹ́ “amúǹkantutù”. Fìlà dùn létí lóòótọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù tí a bá gbé lé Pi lórí ni HAT. Láti 2014, tí Model B+ jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ irin 40 létí rẹ̀, ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé bọ́ọ̀dù tó bá fẹ́ jẹ́ HAT gbọ́dọ̀ ní EEPROM, ìyẹn ṣípù kékeré kan tí Pi máa ń kà bó bá ṣe ń tàn, kó lè mọ ẹni tó gùn ún. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ọjà ni kò ní in. Tí a bá pe gbogbo wọn ní fìlà, ẹni tó rà á á máa retí kí Pi dá a mọ̀, láìmọ̀ pé òun fúnra òun ló máa jókòó ti config.txt, fáìlì tí a fi ń ṣètò Pi. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa jẹ́ “bọ́ọ̀dù àfikún”, kí “háàtì” wà fún èyí tó pa òfin mọ́.

Ooru ńkọ́? Fìlà a máa bo orí, Pi 5 ò sì fẹ́ ìbora: tó bá ti gbóná dé 80°C, fúnra rẹ̀ ló máa dẹ eré. Active Cooler tí wọ́n ṣe fún un ní irin àti fáànù papọ̀, bọ́ọ̀dù tó bá sì rẹlẹ̀ jù yóò kàn án lórí. Ìdí nìyẹn tí M.2 HAT+, bọ́ọ̀dù tí a fi ń so SSD mọ́ Pi 5, fi ń bá òpó àti sọ́kẹ́ẹ̀tì gíga 16mm wá, kí fáànù lè ríbi mí.

“Amúǹkantutù” ní tirẹ̀ ti lọ́kọ: fìríìjì ni. Heatsink kì í mú nǹkan tutù bẹ́ẹ̀. Ó ń gba ooru lára ṣípù, ó ń fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́. Kò lè mú un tutù ju yàrá tó wà lọ láé. Mo dábàá “afọ́nooruká”. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kó mú èyí tó kúrú wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi fáànù sílẹ̀ jàre. “Abẹ̀bẹ̀ oníná” tí ẹnìkan tún mú wá yẹn, ta ló fẹ́ fi ra ọjà ní Computer Village?