Hiace tí a fẹ́ máa sùn nínú rẹ̀: Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkọ́gọ̀sì pẹ̀lú ọmọ kékeré mẹ́ta

Ará Mọ̀lípà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bọ́ọ̀sì Hiace olórùlé gíga kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ tún inú rẹ̀ ṣe kí ìdílé lè máa sùn nínú rẹ̀ lójú ìrìn àjò. Àgbà méjì ni wá, ọmọ mẹ́ta: ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án. Ìkọ́gọ̀sì là ń lọ, a sì fẹ́ yà wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Kápẹ́ńtà fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ láti ẹ̀yìn dírẹ́bà dé bùútù kí àwọn ọmọ lè máa sùn bí ọkọ̀ bá ń lọ. Tánkì omi 100 lítà yóò wà lórí òrùlé, gáàsì 6 kg lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bátìrì 100Ah kan yóò sì gbé fáànù méjì àti fíríìjì kékeré. Kí lẹ rí sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Wẹ́dà Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ètò o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá kápẹ́ńtà dúró ná. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti gba gbogbo ibi tó yẹ kí ọmọ jókòó sí pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ọmọ tó sùn sórí fóòmù nígbà tí ọkọ̀ ń sá 80, bí ẹ bá tẹ bíréèkì pa lójijì, ọkọ̀ yóò dúró, ọmọ ò ní dúró, àfi bó bá kan irin tàbí gíláàsì. Kò sí ọwọ́ ìyá tó lè mú un. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì, ni bẹ́ẹ̀dì wà fún.

Ẹ fi àga ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan sílẹ̀ lẹ́yìn dírẹ́bà, kó kọjú síwájú. Àga ẹ̀gbẹ́ bíi ti dánfó àtijọ́ kò yẹ ọmọ, nítorí bẹ́líìtì rẹ̀ kì í dá ara dúró bó ṣe yẹ bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan níwájú. Bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan ni kí ẹ wá. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fi ìṣó onísíkúrù de àga mọ́ páákó. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, páákó á ya, àga àti ọmọ á jọ fò. Bóòtì bẹ́líìtì gidi, 7/16 ínṣì, ni kó gba irin ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, kí ẹ fi awẹ́ irin 3 mm tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì. Láìsí awẹ́ irin yẹn, bóòtì á fa ilẹ̀ ọkọ̀ ya bí ìwé.

Bẹ́ẹ̀dì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àga náà, kó jẹ́ oníkíká. Páákó 12 mm tó. Èyí tó jẹ́ 18 mm wúwo tó nǹkan bí 30 kg lórí pátákó kan ṣoṣo, ìwúwo yẹn á sì dé orí táyà. Omi 100 lítà jẹ́ 100 kg. Lórí òrùlé, yóò máa jó síhìn-ín sọ́hùn-ún ní gbogbo kọ́nà, ọkọ̀ á fẹ́ ṣubú. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì tó, kí ẹ gbé wọn sí ilẹ̀ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, kí ẹ fi okùn dè wọ́n. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé ọkọ̀ àti gbogbo ẹrù lọ sórí ìwọ̀n ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí ẹ fi wé ìwúwo tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sára ọkọ̀.

Rewáyà Ṣágámù

Ọ̀rọ̀ gáàsì yẹn ló ká mi lára jù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní gba fèrèsé jáde. Ilẹ̀ ló máa ń ṣàn sí, níbi tí ọmọ tó ń rá wà. Sílíńdà 3 kg ni kí ẹ lò, nínú àpótí irin létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí àpótí náà ṣí síta nìkan, kí ihò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gba ilẹ̀ ọkọ̀ já. Ìta ni kí ẹ ti máa dáná. Ẹ yí sílíńdà pa kí ọkọ̀ tó gbéra. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi dán rọ́bà àti orí sílíńdà wò: ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀, ẹ má sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní títàn nítorí éésì. Èéfín carbon monoxide kò lóòórùn, kì í ta lójú, ojú oorun ló ti máa ń pa èèyàn. Ẹ ra aago tó ń ké bó bá wọlé, kí ẹ gbé e sí ibi tí orí àwọn tó ń sùn wà.

Ní ti bátìrì, 100Ah ti 12V jẹ́ 1,200Wh. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì ni kí ẹ lò, torí bátìrì tí ẹ bá ń fà gbẹ lálaalẹ́ kì í pẹ́ kú. Ó ku 600Wh. Fáànù DC méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 20W yóò lo 400Wh láàárín wákàtí mẹ́wàá. Iná LED àti fóònù ló ni ìyókù. Fíríìjì ò sí níbẹ̀. Ẹ ra kúlà tó nípọn, kí ẹ fi omi inú ike tó ti dì sí i. Bó bá yọ́, ẹ mu ún. Fíúùsì 30A kò gbọdọ̀ jìnnà sí orí bátìrì, wáyà 6 mm² ni kó tẹ̀lé e. Ibi tí wáyà bá ti gba etí irin kọjá, ẹ fi rọ́bà wọ̀ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbígbọ̀n ọkọ̀ á bó o, iná á sì ràn.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní láti wà nínú àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, láéláé kì í ṣe níwájú éébààgì. Ẹ di ibi tí bẹ́líìtì gbà wọ inú àga náà mú, kí ẹ mì í: kò gbọdọ̀ rìn ju 2.5 cm lọ. Èyí ọdún mẹ́ta nílò àga tirẹ̀ tó ní okùn márùn-ún. Àga ìgbéga lè tó fún ẹ̀gbọ́n wọn bí bẹ́líìtì bá gba àárín èjìká rẹ̀, tí kò gun ọrùn, tí ti ìsàlẹ̀ sì jókòó sórí itan, kì í ṣe ikùn. Bí ọmọ bá ń ké fún ọmú, ẹ dúró kí ẹ tó tú u. Bí ẹ bá ti rin wákàtí méjì, ẹ dúró sinmi, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe dé ibi tí ẹ ń lọ. Kò yẹ kí ìkókó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú àga náà. Lálẹ́, orí ohun tó tẹ́jú ni kó sùn, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Ti èébì: fóònù ló máa ń fà á. Ojú ń wo ohun tó dúró, etí inú sì ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo iwájú, kí fèrèsé ṣí díẹ̀, kí oúnjẹ má pọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú kíkan lórí inú òfìfo kò dáa láàárọ̀ ìrìn àjò. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ gbé láti ilé, ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán nínú ooru ọkọ̀, ẹ má fún ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní oògùn Phenergan kí wọ́n lè sùn. Ó lè dí èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́. Ẹ gbé ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fi omi pò fún ọmọ tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru) dání, kí ẹ fi omi tí ara páálí rẹ̀ bá sọ pò ó gẹ́lẹ́.

Ará Mọ̀lípà

Ẹ ṣeun gan-an. Kápẹ́ńtà ti dáwọ́ dúró. Ọ̀nà wo ni ká gbà, ibo la sì lè sùn sí?

Dírẹ́bà Ogèrè

Ọ̀nà Màmú kúrú sí Ìbàdàn. Ti Ṣágámù yóò gbé yín bọ́ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tó gbòòrò. Ẹ bi àwọn onímọ́tò ní gáréèjì lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ, torí òjò kan lè yí ọ̀nà padà. Láti Ìbàdàn, Aṣéjìrè, Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà. (Dòdò Ìkirè dùn, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.) Ní Olúmìrìn, ìpele ìsàlẹ̀ tó fún ọmọ; òkè ibẹ̀ ń yọ̀.

Ìgbà tí ẹ bá dé òkè agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà kejì di ọkọ̀ mú. Dírẹ́bà tó bá gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan, òróró bíréèkì tó ti gbó, tó ti fa omi mọ́ra, yóò hó, ẹsẹ̀ yóò kàn wọlẹ̀ láìrí ohun tó dá ọkọ̀ dúró. Ẹ pààrọ̀ òróró náà kí ẹ tó lọ. Ẹ wo táyà: nọ́ńbà mẹ́rin bíi 1221 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Òwúrọ̀ tí táyà tutù ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, bó ṣe wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ má dín in kù nígbà tó bá gbóná.

Ibi sísùn: ẹ má sùn sí etí títì, ẹ má sì sùn sáàárín táńkà ní Ogèrè. Ẹ wọ ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tó ní géètì, ẹ sọ fún máníjà, ẹ gba yàrá kan fún balùwẹ̀ àti omi. Ẹ dé ibẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru

Ẹ fi póò ọmọ kan sí abẹ́ àga, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sí i, kí ẹ da ìyẹ̀fun igi tó ń já bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ pákó díẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ń fa omi, ó sì ń pa òórùn. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ni kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọkọ̀ kọjá lóru.